Ẹsẹ̀ Tí Ó Kọ Ẹrẹ̀

Kí ìtàn tó yanu rárá ni ẹ ti mọ̀ pé ọkùnrin tó bá búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ẹrẹ̀ mọ́ láyé, ẹrẹ̀ ni yóò bá a parí ẹjọ́. Gbogbo ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Onígàárì nìkan ni kò mọ̀, kò sì yẹ ká dá a lẹ́bi púpọ̀, nítorí ẹni tó gun ẹṣin kì í sábà wo ilẹ̀.

Gàárì ẹṣin ló ń ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Abúlé kan nínú àbàtà ni wọ́n bí i sí, níbi tí omi ti ń wọlé wá bá èèyàn lórí ẹní láìkan ilẹ̀kùn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, omi kún sàréè kí wọ́n tó gbé òkú dé etí rẹ̀, òkúta ni wọ́n sì fi tẹ bàbá mọ́lẹ̀ kí ó má baà léfòó. Onígàárì dúró níbẹ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

“Mo fi òkú tó wà níwájú mi yìí búra. Ẹsẹ̀ tèmi kò ní tẹ ẹrẹ̀ mọ́. Mò ń lọ síbi tí èèyàn ti ń rìn bí èèyàn.”

Ó kó ọ̀bẹ tí ó fi ń gé awọ, ó kó abẹ́rẹ́, ó mú ìyàwó, ó forí lé ìlú olódi tó wà lórí òkè. Kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè. Ọba kan náà ni abúlé àti ìlú ń sìn, èdè kan náà ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Ṣùgbọ́n ní ìlú, ilẹ̀ gbẹ. Ó rí ilé oníyàrá mẹ́ta tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà àwọn oníṣẹ́ awọ. Ó fi ẹfun kun ògiri, ó fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ àgbàlá. Kò pẹ́ tó fi ń pe àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ní “àwọn ará àbàtà yẹn,” ó sì ti kọ́ ikọ́ ìlú, ikọ́ kékeré tí ọlọ́lá máa ń wú kí ó tó dáhùn ìkíni. Bàtà ló wá borí gbogbo rẹ̀. Awọ pupa ni, ó sì fi irin gbígbóná jó ìràwọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí eruku lè mọ ẹni tó kọjá.

Nígbà tó ṣe, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tọ̀ ọ́ wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìka kékeré ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ti bá ọkọ́ lọ nínú oko àbàtà láti ìgbà èwe. Atẹrẹ̀ ni ìlú sọ ọ́, ìdí rẹ̀ sì rèé.

Ìlú olódi kì í fi odi rẹ̀ ṣeré. Baálé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tàbí ọmọ ìlú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di baálé, wọ́n á pín apá kan odi fún un pé kó máa tọ́jú. Yóò po ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò fi rẹ́ ògiri, nígbà tó bá sì parí, yóò bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, yóò tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́ àtẹ̀gùn amọ̀ tó wà nínú odi kí ó tó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, títí ayé. Bí ogun bá dé, ibẹ̀ ni yóò dúró. Ojú ẹsẹ̀ rẹ ni àyè rẹ.

Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún Onígàárì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀.

“Èmi? Kí n bọ́ bàtà kí n wá máa po ẹrẹ̀? Kí ni mo wá fi àbàtà sílẹ̀ ṣe?” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Ìwọ, ẹrẹ̀ mọ̀ ẹ́. Lọ bá mi pò ó. Tó bá kan ti ẹsẹ̀, bàtà mi kan rèé, fi tẹ̀ ẹ́. Ìràwọ̀ abẹ́ rẹ̀ ju orúkọ lọ.”

Atẹrẹ̀ gba bàtà. Ó po ẹrẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tó dé, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ wà lábẹ́ bàtà, Onígàárì rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí ìyàwó òun lọ fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó bi Atẹrẹ̀ ní ohunkóhun, òun náà kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń sọ ohun tí wọn kò bi í.

Lẹ́yìn èyí ni ogun dé. Ọ̀tá yí òkè náà ká, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n pàgọ́, wọ́n jókòó bí ẹni tó ń dúró de ohun tí kò ní sá lọ. Wọ́n kórè oko ìlú lójú ìlú. Ìlú jẹ ewúrẹ́ rẹ̀, ó jẹ ajá rẹ̀, ó jẹ ẹṣin rẹ̀. Nígbà tí ẹṣin tán, gàárì ló kàn. Wọ́n á rẹ awọ sómi, wọ́n á ha ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ tó ohun tí eyín lè bá jà. Báyìí ni gbogbo ìlú ṣe ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ Onígàárì. Àwọn tí kò yìn ín rí ń sọ pé gàárì tirẹ̀ nípọn, pé ó ní omi lára ju ti àwọn oníṣẹ́ yòókù lọ. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú.

Nítorí pé awọ ṣì kù nílé rẹ̀, tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sílé Balógun, wọ́n pè é sí ìgbìmọ̀ ogun. Awọ ló gbé e débẹ̀. Òun rò pé ọgbọ́n ni.

Balógun ti fi eérú ya odi sílẹ̀ yàrá, ó sì to òkúta dúdú, tó dúró fún ọ̀tá, yí i ká. Òkúta náà pọ̀ ju ohun tí ojú fẹ́ rí lọ. Àwọn olóyè jókòó ní ìdí ògiri, aṣọ wọn ti tóbi jù wọ́n lọ.

Balógun ní, “Bí òjò bá dé, odò ìsàlẹ̀ á kún, ọ̀tá á kó àgọ́ kúrò. Èyí dá mi lójú. Ohun tí kò dá mi lójú ni bóyá a ó wà láyé láti rí i. Àgbàdo tó wà nínú àká kò lè gbé gbogbo ẹnu yìí dé ìgbà òjò. Ó lè gbé ìdajì.”

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìdajì túmọ̀ sí. Wọ́n ti kọ́kọ́ lé àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn alágbe jáde ní ẹnubodè. Ọ̀tá kò jẹ́ kí wọ́n kọjá, ìlú kò jẹ́ kí wọ́n padà wọlé, wọ́n sì wà láàárín odi àti yàrà, wọ́n ń jẹ koríko. Lójú ọ̀sán, èèyàn á dúró lórí odi, á gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀ nínú ìlú. Nígbà tó yá, kò gbọ́ mọ́.

Olórí Ẹlẹ́ṣin, tí kò ní ẹṣin mọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì bọ́ oyè, ló dìde. “Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere ni. Ẹni tí a kò bí síbí, kó máa lọ síbi tí wọ́n bí i sí. Àlejò kì í bá onílé du ìkòkò.”

Àtùpà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dà bí omi lójú Onígàárì. Ó rí sàréè bàbá rẹ̀. Ó dìde kí ó tó mọ̀ pé òun dìde.

“Balógun! Àpáta tó gba ọfà tí kò kérora! Ìjì tó ń tú àgọ́ ká! Ọmọ ẹni tó sun ojú ogun bí ẹní...”

“Oríkì kò kún ikùn,” Balógun dá a lóhùn. “Sọ tẹnu ẹ.”

“Ọ̀rọ̀ ìbí yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Olórí Ẹlẹ́ṣin?”

“Ìyá mi!” ni Olórí Ẹlẹ́ṣin fi ìbínú sọ.

“Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá jẹ́rìí.”

Gbogbo wọn mọ̀ pé ìyá ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rín gbígbẹ, irú èyí tí ebi máa ń rín. Onígàárì gbọ́ ọ, ara rẹ̀ yá.

“Kí ló ń dá ẹ̀mí wa sí? Odi ni. Ẹni tó mọ odi ló ni odi. Ẹ jẹ́ ká lọ wo àtẹ̀gùn. Ẹni tí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kó dúró, ì báà jẹ́ àná ló dé. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kó jáde, ì báà jẹ́ abẹ́ ìtẹ́ ọba ni wọ́n bí i sí.”

Àwọn olóyè ń wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó gbẹ, ó dà bí ohun tí èèyàn lè dì mú. Bàbá Olódi nìkan, àgbàlagbà tí ìtọ́jú odi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló wúkọ́.

“Onígàárì, ṣé o ti lọ wo ojú ẹsẹ̀ tìẹ rí?”

“Bàbá, kí ni mo fẹ́ lọ wò? Onílé kì í bi ará àdúgbò léèrè ilé rẹ̀.”

Bàbá Olódi wo ojú rẹ̀, ó wo bàtà pupa, ó sì pa ẹnu dé. Àgbàlagbà tí ebi ń pa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí ẹni tí kò béèrè.

Balógun fi ọ̀pá fa ìlà sínú eérú. “Ẹnu wo ni ojú ẹsẹ̀ kan á bọ́?”

“Ìyàwó àti ọmọ.”

“Ìyá ńkọ́?”

“Ìyá pẹ̀lú.” Ó rántí pé tirẹ̀ ti kú.

“Àbúrò ńkọ́?”

Ojú gbogbo yàrá yí sí i. Kò sí ẹni tí kò mọ Atẹrẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ogun ti dé, òun ló ń dúró ní apá Onígàárì lára odi, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wí fún ayé pé ìtọ́jú awọ ìlú kò jẹ́ kí òun ráyè. Onígàárì rí i lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó ní ẹnu ọ̀nà, tí ó ń nu ẹsẹ̀ kí ó tó wọlé, nítorí òkúta pẹlẹbẹ. Bí Balógun bá ti bi í ní ìkọ̀kọ̀, bóyá ìdáhùn mìíràn ni ì bá fún un. Ṣùgbọ́n yàrá kún, wọ́n sì ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹnu ọba.

“Àbúrò kò sí níbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?” Olórí Ẹlẹ́ṣin ló bi í, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

“Ẹ̀gbọ́n kì í jẹun lábẹ́ àbúrò. Kálukú kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró.”

“Ọkùnrin ni ọ́,” Balógun wí. Ó fa idà yọ, ó tẹ́ ẹ lórí eérú. “Ẹ wá fi ọwọ́ bà á. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́la, kí idà yìí mọ ọrùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ojú ẹsẹ̀, kí oòrùn tó kàn wá lórí, kó ti wà lẹ́yìn odi.”

Onígàárì ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bà á. Nígbà tí wọ́n ń jáde, olóyè kan kí i ní “Ọmọ Odi,” ó sì wú ikọ́ kékeré kí ó tó dáhùn.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ lágbàálá níbi tí ìyẹn ti ń ro ìkòkò tí okùn gàárì kan wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ sùn sára ògiri bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ròyìn fún un. Ó fi oríkì Balógun kún un, ó fi ìdáhùn Olórí Ẹlẹ́ṣin dárà.

“Àbúrò yín ńkọ́?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Wọ́n ní kó lọ.”

“Ta ni wọ́n?”

Ó wo ojú ọ̀run.

“Bàbá àwọn ọmọ, mo ní ta ni wọ́n?”

“Ìlú ni. Ogun ni. Ilé wa kò kúkú jìnnà. Á padà sílé.”

“Ilé wa wà lábẹ́ omi, ọ̀tá sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ lọ dúró lórí odi kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń lọ sílé.” Ó gbé ọmọrogùn kúrò nínú ìkòkò. “Ta ló po ẹrẹ̀ yín? Ta ló ń dúró níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ẹṣin, ẹni tẹ́ ẹ gùn débí ni kẹ́ ẹ rántí.”

“Màá fún un ní bàtà tuntun,” Onígàárì wí. “Awọ olówó iyebíye ni.”

Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ṣa àgbàdo sísun ẹ̀kún ọwọ́ kan, ó dì í sínú aṣọ fún ẹni tó ń lọ.

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí Atẹrẹ̀ ti orí odi dé. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Onígàárì ti mú bàtà tuntun jáde, ó ń nu eruku tí kò sí lára rẹ̀.

“Àbúrò mi, ìgbìmọ̀ ti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá sí lára odi, ọ̀la ni yóò jáde.”

“Mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri orí odi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ dá a lábàá.”

“Ìlú ló dá a lábàá. Èmi kàn bá wọn là á yé ara wọn.”

Atẹrẹ̀ jókòó. Ó wo bàtà tuntun, lẹ́yìn náà ó wo ti pupa tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ bàtà ọjọ́sí yẹn...”

“Má yọ mí lẹ́nu nítorí bàtà. Èyí tí mo fún ẹ yìí dára jù ú lọ.”

“Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ ní kí n fi tẹ ẹrẹ̀. Bàbá Olódi ò gbà...”

Ìwo ogun dún. Atẹrẹ̀ ti fò dìde kí ohùn rẹ̀ tó kú, ó ti gbàgbé bàtà tuntun sílẹ̀. Ọ̀tá gbé àkàbà ti odi ní apá Onígàárì gan-an, bóyá nítorí pé ògiri ibẹ̀ ló dán jù, tí wọ́n rò pé olówó ló ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Atẹrẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó fi igi ti àkàbà àkọ́kọ́ ṣubú, ó fi ọwọ́ ti èkejì. Ọfà kan gba apá rẹ̀ kọjá, ó wọ ọrùn ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ìkòkò ìyàwó Onígàárì tó hó, ìjà ti parí. Onígàárì kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó wà lábẹ́ tábìlì tí ó ti ń gé awọ, ó ń ṣọ́ awọ ìlú.

Ní òwúrọ̀, Balógun sọ̀ kalẹ̀ síbi odi pẹ̀lú àwọn olóyè. Bàbá Olódi ló ṣíwájú, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbá eruku kúrò lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ó ń ké ohun tó rí. Gbogbo ìlú tò lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n dé apá onígbàjámọ̀, ojú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sí tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ó di ẹsẹ̀ Onígàárì mú.

“Ọmọ Odi, èmi ni mo ń fá orí yín. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀.”

“Odi kì í gbọ́ ẹkún,” Onígàárì wí, ó sì yọ bàtà rẹ̀ jẹ́jẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà kí omijé má baà ba awọ jẹ́. Wọ́n mú onígbàjámọ̀ lọ sí ẹnubodè, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Wọ́n dé apá Onígàárì. Eérú àti ẹ̀jẹ̀ bo àtẹ̀gùn. Atẹrẹ̀ wà lórí rẹ̀, apá rẹ̀ tí wọ́n dì ti dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì dúró ṣinṣin ní àárín amọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Ìyàwó Onígàárì dúró lẹ́yìn, ẹrù àgbàdo sísun lọ́wọ́, àwọn ọmọ di aṣọ rẹ̀ mú.

Onígàárì bọ́ bàtà ọ̀tún. Ó gbé e sókè kí èrò lè rí ìràwọ̀ abẹ́ rẹ̀.

“Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu o. Ìràwọ̀ yìí lẹ máa rí níbẹ̀. Èmi kì í tẹ ẹrẹ̀, mo ti búra. Bàtà mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Balógun kò rẹ́rìn-ín. “Gbá a,” ó wí fún Bàbá Olódi.

Atẹrẹ̀ kò kúrò. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí wọ́n máa lọ sí apá tó kàn. Ẹ ní ẹ ti rí i. Èmi á bá wọn jáde lọ, mo ti ṣe tán. Ẹ sáà jẹ́ kí wọ́n kọjá.”

“Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú Balógun ni?” Ojú Onígàárì pọ́n. Ó sì pariwo kí gbogbo èrò lè gbọ́ ọ: “Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí tèmi!”

Atẹrẹ̀ wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Olódi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbá eérú, ó fi ìka ha ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sínú kòtò amọ̀ náà kí ojú rẹ̀ lè mọ́. Lẹ́yìn náà ó ké ohun tó rí bó ṣe ń ké e láti òwúrọ̀, láìgbé ohùn sókè, láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìka mẹ́rin.”